Korobá Pupa Tó Wà Níwájú Mi

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń bá korobá jà. Kì í ṣe ẹni tó ni korobá o, korobá gan-an ni mò ń wí. Nínú ilé tí à ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn ọjà Boundary, yàrá méjìlá ló kọjú síra wọn, balùwẹ̀ kan ṣoṣo la sì ní. Láti ìdájí ni kálukú á ti gbé korobá omi rẹ̀ lọ tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, á sì padà lọ sùn. Korobá ló ń bá èèyàn dúró. Bí tìrẹ bá ṣe ìkẹta, ìwọ ni ìkẹta, ì báà jẹ́ pé o ṣì ń hanrun nínú yàrá. Kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kan korobá ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó bá dán an wò, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ìtàn ìran rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Yorùbá ni o, Ìgbò ni o, Ùròbò ni o, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, òfin kan ṣoṣo tí gbogbo wa gbà láìjiyàn nìyẹn.

Èmi ni mo wá sọ ọ́ di òfin ìjọba. Mo fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ mi sára korobá aláwọ̀ búlúù tí mo ní. Mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lò. Láràárọ̀ ni màá dúró síbẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì nídìí, aago lọ́wọ́, láìwọ ẹ̀wù, tí màá máa ka ìṣẹ́jú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọrin nínú balùwẹ̀, màá kan ilẹ̀kùn, nítorí mo gbà pé orin ló ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ìwé òfin mi lo ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀pà níwájú ilé, ó ti fi pọ́n ẹ̀pà. Mo ra ẹ̀pà náà kí n lè gba òfin mi padà.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe nígbà náà, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ káṣúà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n lè ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù keje nígbà tí wọ́n pè mí pé àyè kan ṣí sílẹ̀, wọ́n fẹ́ sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn. Mo ṣèlérí fún ìyàwó mi pé kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a ó ti kó lọ síbi tí balùwẹ̀ wà nínú ilé. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tí ilé iṣẹ́ ń lò yẹ̀ mí wò.

Ó jẹ́ obìnrin àgbàlagbà tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó so aṣọ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ mi lápá, ó fún afẹ́fẹ́ sí i, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ga o, ọ̀gá. Ta lẹ bá jà?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mà," ni mo dáhùn. Irọ́ ni mo pa. Ìjà méjì ni mo ti jà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀kan pẹ̀lú korobá, èkejì pẹ̀lú ọlọ́kadà tó ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ó ní kí n lọ sinmi, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń wo èèyàn. Bí ẹ̀kẹta bá tún ga, wọ́n á fún káṣúà tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé tèmi ní iṣẹ́ náà.

Mo wá pinnu pé màá sinmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ra ìwé tuntun, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo pín ọjọ́ mi sínú rẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀, mí símú, mí síta, ìgbà ogún. Aago méje ìrọ̀lẹ́, jókòó síta, gba atẹ́gùn. Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, pa àwọn ará ilé lẹ́rìn-ín. Aago mẹ́jọ, bá ìyàwó ṣeré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Atẹ́gùn tí mò ń jókòó gbà yẹn, òórùn gọ́tà ló ń gbé bọ̀, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ti wà nínú ìwé, mò ń fà á símú tagbáratagbára.

Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó mi rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn bá pé, ṣé ẹ máa fọn fèrè bíi rẹfirí ni?" Mo bínú. Mo ní kò mọ ohun tó wà lọ́rùn mi. Ó kàn yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń mì, mo rò pé ó ń sunkún.

Ti pípa àwọn ará ilé lẹ́rìn-ín ló burú jù. Mo kọ ìtàn ìjàpá kan sílẹ̀, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kà á fún wọn. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, mo ti fi àmì sí i, mo sì dákẹ́ dè wọ́n níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin Ùròbò tó ń ránṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ọ̀gá, you don chop today?" Bàbá Dókà nìkan ló rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, kì í sì í ṣe ìtàn ìjàpá ló ń rín. Bàbá arúgbó kan ni, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ru ẹrù ní èbúté kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń gbé yàrá ìkángun. Ó pè mí sápá kan.

"Ọmọ mi, ẹ̀rín kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ìwọ fẹ́ gún un nínú odó."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ẹ̀jẹ̀ mi ti ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lẹ̀ ń ṣe nílé gan-an?" Mo ní, "Mò ń sinmi ni, mà. Mi ò pa ọjọ́ kankan jẹ." Mo yọ ìwé jáde kó lè rí ẹ̀rí. Ó ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó pa á dé, ó rọra gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé sinmi báyìí, kẹ́ ẹ má baà kú."

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń lọ sílé, mò ń ro ọmọ tó ń bọ̀, mò ń ro ọdún mẹ́fà tí mo ti lò, mo sì ń ro káṣúà kejì, ọmọkùnrin kan tó máa ń fọn súfèé lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò lè ga láé. Ìgbà tí mo ro súfèé yẹn, àyà mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa. Ẹlòmíràn ni mo máa ń pa á fún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò kẹta, ìyàwó mi ti ọjà Boundary dé, ó gbé ẹrù tó rà sí ilé ìdáná. Ó ní kí n má da ara mi láàmú nípa balùwẹ̀ lọ́la, òun ti mọ ohun tóun máa ṣe. Mo ní "ẹ̀n-ẹ́n." Mò ń mí símú, mò ń mí síta lọ́wọ́ ni, mo ti dé orí ìkẹtàdínlógún, mi ò fẹ́ kí ó dà rú mọ́ mi lójú.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni mo gbé korobá mi jáde láàárọ̀. Mo ti rò pé èmi ni màá ṣe èkínní. Korobá pupa kan ti wà níwájú. Tuntun ni, omi kún un dé etí, kò sì sí orúkọ lára rẹ̀. Mo gbé tèmi sẹ́yìn rẹ̀, mo dúró. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, mẹ́wàá kọjá. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n ń tò sẹ́yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, aránṣọ, Bàbá Dókà, àti àwọn yòókù, títí ìlà náà fi dé ilé ìdáná. Balùwẹ̀ ṣófo, gbogbo wa sì dúró síwájú rẹ̀ nítorí korobá kan. Kò sí ẹni tó ní ká fò ó. Èmi tí mo kọ òfin sílẹ̀, ṣé èmi ni màá kọ́kọ́ rú u?

Ni mo bá ń kanlẹ̀kùn kiri. "Ta ló ni korobá pupa?" Yàrá mọ́kànlá ni mo kàn. Tiwa nìkan ni mi ò kàn, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ọ̀bàyéjẹ́ níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Mo padà síwájú korobá, mo sì la ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Mo ní ọ̀lẹ lẹni tó ni ín. Mo ní anìkànjọpọ́n ni, kò ro ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Mo ní irú wọn ló ń ba Nàìjíríà jẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ pé ó níyàwó nílé, kí Ọlọ́run ṣàánú obìnrin náà. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi sì ń ṣe àmín.

Àmín yẹn ló jí ìyàwó mi. Ó jáde wá, ìró láyà, ó ń nu ojú oorun. Ó wo ìlà náà títí dé ìdí, ó wo balùwẹ̀, ó wá wò mí.

"Ẹ ò tíì wẹ̀? Korobá tí mo ti pọnmi sí fún yín, tí mo gbé síwájú láti aago mẹ́rin ńkọ́? Èyí tí mo rà fún ọmọ ní Boundary lánàá."

Aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá! So na you dey block you?"

Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, màá kó sí i. Mo wo korobá pupa, mo wo tèmi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ńlá lára. Mo rántí àdúrà tí mo gbà fún ìyàwó ọ̀lẹ náà. Àfi bí ẹ̀rín ṣe bú jáde lẹ́nu mi. Mo jókòó sórí sìmẹ́ǹtì tó tutù, tówẹ́ẹ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ já nídìí mi. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi di ikùn rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ wá pé ká má jẹ́ kóun bímọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Dókà na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde. "O ti bá ẹni tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu pàdé lónìí. Kí i dáadáa." Wọ́n tì mí wọ balùwẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀, mo tiẹ̀ kọrin, ẹnikẹ́ni ò sì kan ilẹ̀kùn.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Àpápá, nítorí àwọn tírélà ti dí ọ̀nà pa. Láàárín wọn, awakọ̀ kan ń fá irùngbọ̀n níwájú díńgí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ kẹsàn-án rèé tóun ti wà lórí ìlà àtiwọ èbúté, kí ló wá ń pa èmi lẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí. Mo sọ fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara tírélà, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun lọ wo iwájú ìlà tòun náà, bóyá òun lòun wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún mi wò. "Ó ku díẹ̀ kó ga, ṣùgbọ́n ẹ yege. Oògùn wo lẹ lò?" Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, àmọ́ nígbà tí mo dé ibi àdúrà fún ìyàwó ọ̀lẹ, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó bu ọwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò mi, mo sì di òṣìṣẹ́ gidi.

N kò di ẹni tuntun lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ti tún bá ẹnì kan fa ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ́. Títí dòní, mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún mi, nítorí ẹ̀rín kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń gbóhùn sókè nínú ilé, ìyàwó mi kì í bá mi jiyàn. Yóò kàn béèrè pé, "Ta ló ni korobá?" Ọmọ tó wà nínú oyún nígbà náà ti wọ girama, òun náà ti mọ̀ ọ́n béèrè. Korobá pupa ti lu nídìí, efinrin ló wà nínú rẹ̀ báyìí lẹ́yìn ilé.

Mo mú ìlérí mi ṣẹ, kí ọmọ tó rìn la kó kúrò ní Ajégúnlẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá àwọn èèyàn yẹn gbé, ìṣẹ́jú wọn ni mò ń kà. Oṣù díẹ̀ tó kù ká lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe dùn ún bá rẹ́rìn-ín tó. Bàbá Dókà ti kú, ibòmíràn ni mo ti gbọ́. Balùwẹ̀ tèmi wà nínú yàrá mi báyìí, kò sí ẹni tó ń bá mi dù ú. Síbẹ̀, láàárọ̀ míràn, mo máa ń dúró díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì nídìí, màá wẹ̀yìn wò, kò ní sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi.