Epo Gíà Tó Ń Jò Lára Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan là ń rí. Ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ bàbá mi, lórí páálí tó tẹ́ sílẹ̀, ó ń kùn bí ẹni ń kọrin. Nígbà tó yọjú, ó na ìka kan sí màámi. Epo gíà ló wà lórí ìka náà, ó pọ́n bíi sobo. Ó fi àtàǹpàkò ra á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò jóná, pé gíà ṣì wà láàyè. Ìgbà yẹn ni màámi tó mí kanlẹ̀.

Aládùúgbò wa ni ọkùnrin abẹ́ ọkọ̀ náà, àgbà mẹkáníìkì ní Ojowo, ògiri kan ló pín ilé rẹ̀ àti tiwa. Mi ò pè é lórúkọ rí, Bàbá là ń pè é. Ó ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ níṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ló lè ní kó jókòó lásán? Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, ẹ ó máa gbọ́ sípánà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́. Òórùn bẹntiróòlù àti òrí kì í kúrò lára rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ju èmi lọ lọ́jọ́ orí. Gíà ọ́tò ló ní, irú èyí tó ń yí ara rẹ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò ṣì ń fọwọ́ yí tiwọn. Nígbà tí bàbá mi kú, òun nìkan ló kù nílé tí òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀. Màámi ń wà á lọ síléèwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò pẹ́, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mẹkáníìkì méjì ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí epo jò, lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dè é títí bóòtù fi fẹ́ já, epo ò yéé kán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá ní ó tó gẹ́ẹ́, pé òkú ọkọ̀ la gbé sílé, tó bá di Sátidé òun á mú àwọn tó ń ra àlòkù irin wá kí wọ́n wá gbé e. Obìnrin ò sì mọ ọkọ̀ tọ́jú, ó sọ ìyẹn náà. Ẹ má dá mi lóhùn jàre, inú ẹ̀ ṣì ń bí mi. Màámi ò bá a jà. Balùwẹ̀ ló wọ̀ lọ, ó ṣí omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo gbọ́.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tí Bàbá wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, ó fi kẹrosíìnì fọ ara gíà títí ó fi ń dán, ó nù ún gbẹ, ó wá ní kí màámi fún òun ní láfún. Màámi rò pé ebi ló ń pa á, ó ti gbé omi kaná kí Bàbá tó rẹ́rìn-ín pé gbígbẹ lòun fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ láfún náà mọ́ gíà lókè àti nísàlẹ̀, ó funfun báláú bí ọrùn ọmọ tí wọ́n da pọ́dà sí. Ó ní kí màámi wa ọkọ̀ dé Oru kó padà.

Nígbà tó dé, Bàbá pè wá ká wá wò ó. Ìlà pupa kan ti la láfún kọjá láti òkè wá sísàlẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pààrọ̀ gbẹ táútáú. Ihò kékeré tí gíà fi ń mí lókè ni epo ti ń tú jáde.

“Gíà yìí ò já,” Bàbá wí. “Ó yó jù ni. Ó ń bì.”

Ó bi màámi pé ta ló ń bu epo sí i. Màámi lóun ni, gẹ́gẹ́ bí ọkọ òun ti máa ń ṣe: láràárọ̀ kóun tó lọ síléèwé, òun á sítáàtì ọkọ̀, òun á fa irin tí wọ́n fi ń wọn epo yọ, tí epo ò bá kan àmì, òun á bù sí i. Bàbá bi í pé ìgbà wo ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe tiẹ̀. Màámi wá rántí. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ìgbà tí bàbá mi bá ti ìrìn dé ló máa ń wò ó, tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo ẹ̀ ṣì gbóná.

Bàbá fi Ìjẹ̀bú tó ki ṣàlàyé fún un pé epo tó tutù máa ń rẹlẹ̀, tó bá gbóná, á gbérí. Ẹni tó bá bù ú dé àmì láàárọ̀ tutù, á kún àkúnwọ́sílẹ̀ kó tó dé Àgọ́-Ìwòyè. Bó sì ti ń jò ni màámi tún ń bù sí i.

“Ọwọ́ ọkọ rẹ lo kọ́,” ó ní. “O ò kọ́ àkókò rẹ̀.”

Màámi jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Èmi ni mo fẹ́ pa ọkọ̀ rẹ̀.”

Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó na síríńjì ńlá tí wọ́n fi ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ sí i, pẹ̀lú rọ́bà tín-ín-rín lẹ́nu ẹ̀, ó ní kí màámi fúnra rẹ̀ fa èyí tó pọ̀ jù kúrò. Màámi so ìró mọ́dìí dáadáa, ó fà, ó wò ó, ó tún fà, títí epo gbígbóná fi dúró sí àmì. Bàbá ò fọwọ́ kàn án rárá. Orí táyà ló jókòó sí, ó ń jẹ obì.

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé pẹ̀lú àwọn onírin àti ọkọ̀ akẹ́rù wọn. Ọkọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kò sí ẹ̀kán epo kan nílẹ̀. Ó bi Bàbá pé kí ló ṣe é gan-an. Màámi wolẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, màámi á di ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú ẹbí títí ayé.

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀. “Gíà ló ń bì. Ìyàwó yín ló tún un ṣe, ojú mi ló ṣe é.”

Àwọn onírin bá tiwọn lọ. Màámi wa ọkọ̀ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Mo ti di ọ̀gá nọ́ọ̀sì báyìí, àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ mi, wọ́n sì ń ṣàṣìṣe. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn, màá sọ àṣìṣe náà fún ẹni tó ṣe é lójúkojú, kò ní í dùn, màá sì jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Tí wọ́n bá bi mí léèrè níta, ohun tó tún ṣe ni mo ń sọ. Òótọ́ ni níbi méjèèjì. Títí Bàbá fi kú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ àṣìṣe màámi lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́nu tèmi náà, òní lẹ ń gbọ́ ọ, màámi ló sì ní kí n sọ ọ́.