Àárọ̀ Tí Mo Fò Lórí Ẹ̀yìn Ìyá Mi

Òórùn àdín ló máa ń jí mi láàárọ̀, kí èéfín ẹja tó tẹ̀lé e. Ìyá mi á ti kírun àsùbáà tán, á ti fi àdín ra ẹ̀yìn, á wá dojú bolẹ̀ lórí ẹní ní pálọ̀ wa ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, á ní, "Sìkírá, wá gun ẹ̀yìn fún mi." Màá dìde pẹ̀lú oorun lójú, màá gbé ẹsẹ̀ lé e ní ìbàdí, màá máa rìn lọ rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ta ni kò gun ẹ̀yìn bàbá tàbí ìyá rẹ̀ rí nínú wa? Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí ìgbà yẹn nìkan ni mo máa ń ga ju ìyá mi lọ.

Ẹja ni ìyá mi ń yan. Bí àwọn apẹja bá ti gúnlẹ̀, òun ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀sà wá sí ẹ̀yìnkùlé, òun náà ló máa bẹ̀rẹ̀ lórí ààrò tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Tó bá gbálẹ̀ tán, á fi ọwọ́ di ìbàdí mú kó tó lè nàró. A ò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn á máa dùn ún, bí a ṣe rò ó nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Mo ti sùn jù, mo sì mọ̀ pé tíṣà tó ń dúró sí géètì ilé ìwé wa kì í dá ọmọ tó bá pẹ́ sí. Pàṣán rẹ̀ ni mò ń rò. Ìyá mi ní kí n tún gùn ún díẹ̀ sí i. Inú bí mi. Mo fò sókè, mo sì fi gìgísẹ̀ méjèèjì balẹ̀ sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀. Nǹkan kan dún kọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìyá mi kò pariwo. Ó kàn ní, "Sọ̀ kalẹ̀, máa lọ sílé ìwé." Nígbà tí mo wẹ̀ tán, tí mo wọṣọ, ó ṣì wà níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ náà kò wọ̀ mí létí. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lójú fèrèsé, mo rò pé ó wá pè mí pé ìyá mi ti kú ni. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé n kò ní bínú mọ́ láyé. Nígbà tí mo máa fi délé, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ìkòròdú, aládùúgbò wa kan ló mú mi lọ bá a.

Obìnrin tó ń tọ́jú eegun àti iṣan níbẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó bi ìyá mi pé, "Màmá, ṣé ẹnì kankan máa ń gun ẹ̀yìn fún yín nílé?"

Ìyá mi ní, "Kò sí o."

Ìyá mi tó máa ń nà mí nítorí irọ́. Ẹ̀rù bà mí ju ti àárọ̀ lọ. Mo gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ti tóbi débi pé kò ṣeé sọ síta.

Ó jọ pé obìnrin náà kò gbà á gbọ́. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìbàdí. Ẹ ká orúnkún, ẹ na ẹ̀yìn, ẹ gbé ẹrù mọ́ra, kẹ́ ẹ wá fi itan dìde." Ó ní kó máa rìn láàárọ̀, kó má kàn máa dùbúlẹ̀ torí ìrora, kí a fi búlọ́ọ̀kù gbé ààrò ga, kí a sì so igi gígùn mọ́ ìgbálẹ̀.

Ìgbálẹ̀ onígi yẹn ló fa ẹ̀rín. Ládùúgbò wa, ọ̀lẹ ló ń gbálẹ̀ ní ìdúró. "Ìyá Sìkírá ti di òyìnbó," ni wọ́n ń wí. Ojú ń ti ìyá mi, ó fẹ́ pa á tì, èmi ni mo lọ fi ìgbálẹ̀ kúkurú pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn àsùbáà, á ṣe eré ìdárayá tí obìnrin ọsibítù náà kọ́ ọ: á fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, á ká orúnkún, á gbé ìdí sókè, á mí, á sì sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi ni mò ń kà á fún un: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Bí mo ṣe ń kà ni mò ń tẹ́tí, bóyá nǹkan yẹn á tún dún. Orí àga ló ti kírun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tún tẹ̀ lọ sí rúkúù nínú ìrun, tó sì nàró láìdi ìbàdí mú, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. N kò rántí kírun tèmi.

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí báyìí. Mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú lọ sí ọ́fíìsì ní Máríńà, màá tẹ̀ bo kọ̀ǹpútà títí di ìrọ̀lẹ́, màá sì tún tẹ ọrùn sí fóònù bí mo bá ń bọ̀. Èmi tí mò ń ṣọ́ ìyá mi nígbà yẹn nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀yìn dá mi dùbúlẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Ìgbògbò, níbi tí ìyá mi ń gbé pẹ̀lú wa. Áíṣà, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá bá mi. "Mọ́mì, ṣé kí n gun ẹ̀yìn fún yín?"

Mo jágbe mọ́ ọn pé rárá, débi pé ó bú sẹ́kún.

Ìyá mi gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Sìkírá, ṣé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì ni?"

N kò sọ fún un rí pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ni.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o fò. Kó o tó jí lọ́jọ́ yẹn, mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja méjì, èkejì ló ṣe mí léṣe. Ẹ̀yìn ti gan kí n tó pè ọ́. Mo rò pé tó o bá gùn ún, á tú ni."

"Ẹ ṣe wá purọ́ fún obìnrin yẹn?"

"Kí wọ́n má baà ní ìwọ ni."

Nígbà tí ara mi yá, mo pe Áíṣà. Mo ká orúnkún, mo na ẹ̀yìn, mo gbé e mọ́ra, mo fi itan dìde. Kò wúwo tó apẹ̀rẹ̀ ẹja kan. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rò pé ohun tó fúyẹ́ báyìí ló ba ẹ̀yìn ìyá mi jẹ́.