Òdo Tí Akọ̀wé Babárìndé Kọ

Ní àdúgbò Ìrẹ́pọ̀dùn, lẹ́yìn títì tó lọ láti Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, bí tọkọtaya bá ń jà, wọn kì í pe ọlọ́pàá. Bàbá Akọ̀wé ni wọ́n ń sáré lọ pè. Babárìndé lorúkọ ẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ sì dùn ún wò! Ẹni tó bá jalè, ó wọ ìwé. Ẹni tó da omi ẹ̀gbin sójú títì, ó wọ ìwé. Ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́, ewúrẹ́ náà wọ ìwé, tòun ti àwọ̀ irun ẹ̀. Àfi ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya nìkan ni kì í wọ̀ ọ́. “A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.” Ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Bó ṣe máa ń parí ìjà rèé. Á jókòó, á ní kí obìnrin kúnlẹ̀ kó bẹ ọkọ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù ni yóò bẹ̀bẹ̀ o! Ọkọ á ní, “Ó ti tán nínú mi.” Bàbá á bu omi sínú ife kan, tọkọtaya á jọ mu ún, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ẹ̀mí Bàbá á gùn. Inú ẹ̀ á dùn ṣìnkìn títí di ọjọ́ kejì.

Lọ́dún 2014, Olútóyìn dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé fún Babárìndé pé láti ọdún 1985 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àgbáyé kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, pé ó sì yẹ kí ìjọba máa jíhìn ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin fún ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva, nílẹ̀ òyìnbó. Èkó náà ti ṣòfin tiẹ̀ ní 2007, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ máa lu ẹnikẹ́ni nínú ilé.

“Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òfin yẹn dé ẹsẹ̀ kùkú, bàbá. Ẹ kàn kọ iye ẹjọ́ ọkọ àti aya tó ti dé ọ̀dọ̀ yín láti ọdún mẹ́ta.”

“Ṣé àwọn òyìnbó ní Geneva máa ka ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni?”

“Ta ló mọ̀, bàbá?” Olútóyìn rẹ́rìn-ín.

Babárìndé ò lè jókòó mọ́. Ìrẹ́pọ̀dùn máa dé Geneva! Ó tú ìwé ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀, ẹjọ́ ọkọ àti aya kò sí níbẹ̀. Ló bá mú gègé, ó kọ òdo ńlá kan, róbótó. Kò gbà pé irọ́ lòun pa. Lójú akọ̀wé, ohun tí kò wọ ìwé, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ní Sátidé, onílé àti ayálégbé pé jọ sínú ọgbà alága ẹgbẹ́. Olútóyìn gbé fọ́ọ̀mù náà sókè.

“Ẹ̀yin ará, mo ti dé Akówọnjọ, mo ti dé Gowon Estate, kò síbi tí mi ò ti rí ẹjọ́. Ibí nìkan ni wọ́n ti kọ òdo!”

“Bàbá Geneva!” ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn. Àtẹ́wọ́ ta gbàà. Babárìndé dìde, ó tún fìlà ṣe.

“Ẹ má gbọ́ tẹnu mi nìkan jàre. Sìdíkátù, ìyàwó Yahya birikilà! Dìde, wí fún wọn bá a ṣe ń ṣe é níbí.”

Sìdíkátù, tó ń ta ike létí títì, ò mira. Ẹni tó jókòó tì í fọwọ́ kàn án léjìká. Ó gbójú sókè, ó wá yí gbogbo ara padà, ó kọ etí ọ̀tún sí Babárìndé.

“Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ sọ ọ́ síbí. Èkejì ò gbọ́ràn mọ́.”

Babárìndé tẹjú mọ́ etí òsì ẹ̀. Ó mọ etí yẹn. Ọjọ́ kejì Iléyá, lọ́dún tó kọjá, Sìdíkátù ti kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí òsì. Ó ní òun fẹ́ lọ sọ́sibítù, tóun bá kúrò níbẹ̀ òun á lọ fẹjọ́ sùn. Kí ni Bàbá wí fún un? “Mu omi ná.”

“Ta ló ṣe yín léṣe, mà?” Olútóyìn rọra bi í.

“Wọ́n ti parí ẹ̀, àǹtí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá bá wa parí ẹ̀.”

Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu. Obìnrin kan pòṣé. Mọ̀dínátù aránṣọ sorí kodò, ó ní, “Wọ́n parí tèmi náà.”

“Ẹ jẹ́ ká máa bọ́rọ̀ lọ ṣá, ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn,” alága wí. Babárìndé ò gbọ́ ọ. Ojú ń tì í bí ẹni tí wọ́n ká aṣọ tó jí mọ́ lọ́wọ́ nínú ọjà. Ó ṣí fìlà, ó tún dé e, ó tún ṣí i. Olútóyìn wá bá a, ó fi fọ́ọ̀mù náà lé e lọ́wọ́.

“Ọjọ́bọ̀ ni mò ń kó wọn lọ, bàbá. Tí òdo yìí bá kúrò níbí, òun ni ìjọba máa kà fún gbogbo ayé.”

Èwo ni kó ṣe o? Kó jẹ́ kí òdo náà lọ, kó máa jẹ́ Bàbá Geneva nìṣó, àbí kó kọ òtítọ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ hàn? Ní Mọ́ńdè, ó kọjá níwájú ìsọ̀ Sìdíkátù lẹ́ẹ̀mejì kó tó yà.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá. Korobá lẹ fẹ́ rà, àbí ẹ wá parí ìjà?”

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Babárìndé fa fọ́ọ̀mù náà yọ.

“Mo fẹ́ kọ ẹjọ́ rẹ sílẹ̀, Sìdíkátù. Tó o bá gbà.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

Obìnrin náà gbé abọ́ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. “Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ síbi tó ṣófo yẹn?”

“Wọ́n ní ta ló gbọ́ ẹjọ́ náà, kí ló sì ṣe sí i.”

“Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ má kọ pé ẹ bá wa parí ẹ̀ o.”

Babárìndé mú gègé. Ó kọ ọ́ tán. Sìdíkátù ní kó kà á. Ó kà á wúyẹ́wúyẹ́.

“Ẹ kà á sókè, bàbá. Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò gbọ́ràn dáadáa.”

Ojú àwọn oníbàárà wà lára ẹ̀. Ó tún kà á sókè: “Èmi Babárìndé ló wá bá. Mo ní kó kúnlẹ̀. Mo dá a padà sílé ọkọ.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

“Mọ̀dínátù wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀,” Sìdíkátù wí, ó sì padà sídìí ike ẹ̀.

Babárìndé lọ. Ó kúrò níbẹ̀, ó tún lọ sílé mìíràn. Àwọn kan ò ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn kan ní kó máa lọ, pé omi tó fún àwọn mu ò tíì gbẹ lọ́fun àwọn dòní. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, fọ́ọ̀mù náà ti kún, ó ti lẹ abala ìwé méjì mọ́ ọn, orúkọ ẹ̀ ló sì wà lórí gbogbo ìlà.