Àlàfo Ló Ń Wọ̀n: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Ìyá Dúpẹ́

Ó ṣe! Ìyá Dúpẹ́, ó wá dìgbà náà lóòótọ́ o. O lọ, o fi mí sílẹ̀ nínú ilé wa ní Òkè-Ìlá, pẹ̀lú ìkòkò tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kaná.

Mi ò kàwé. Dúpẹ́ ọmọ wa ló ń kọ ohun tí mo ń sọ, mo sì ní kó má fi oyin sí i. O le, o máa ń tètè bínú, ṣùgbọ́n o kì í parọ́. Èmi ni mo pa irọ́ kan. Òun ni mo fẹ́ tú lónìí níwájú ẹni gbogbo.

Gbogbo ará ọ̀nà Ìgèdè ló mọ̀ ọ́ sí Ìyá Olódò. Ọdún gbọọrọ lo fi ń ka igi ìwọ̀n tí wọ́n rì sẹ́bàá afárá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí nọ́ńbà igi bá pọ̀, omi pọ̀ nìyẹn. Ohun tí èmi náà mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ omi kan àpótí kékeré kan mọ́ afárá náà. Ó dojú kọ omi, ó ń ju ìró tí etí wa kò lè gbọ́ sísàlẹ̀. Ìró náà á padà wá, àpótí á sì mọ bí omi ṣe jìnnà sí i tó. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa gbá òwú alántakùn kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí o sì máa ka nọ́ńbà tó bá yọ lójú rẹ̀ fún wọn lórí fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo yọjú wo nọ́ńbà náà. Ó kéré. Mo ní omi ti fà. Mo gba ìsàlẹ̀, níbi tí a ti máa ń fẹsẹ̀ la odò kọjá sí oko iṣu wa. Omi gbé mi.

Ìwọ lo sáré dé. O tú ọ̀já ìdí rẹ, o jù ú sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, “ẹ̀yin” lo fi ń pè mí. Lọ́jọ́ yẹn, o gbàgbé “ẹ̀yin” pátápátá: “Ìwọ ọkùnrin yìí, di aṣọ mú! Ṣé uṣu náà máa sá lọ ni? Àpótí kì í wọn omi, àlàfo ló ń wọ̀n! Bí nọ́ńbà bá ti kéré, omi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn!”

Mo délé, mo sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé gbòǹgbò igi ni mo dì mú tí mo fi jáde. O jókòó síbẹ̀, ò ń pa ẹ̀pà rẹ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí oúnjẹ bá ti jinná, wàá ké láti ìdí ààrò: “Bàbá Dúpẹ́, gbòǹgbò yín ti se ọbẹ̀ o, ẹ wá jẹun!”

Ẹ̀yin èèyàn, kò sí gbòǹgbò kankan níbẹ̀. Ìyàwó mi ni.

Èmi ni mo ń gbá òwú alántakùn náà báyìí. Mo ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ í kà. Àlàfo tó wà láàrin èmi pẹ̀lú rẹ náà, ó ti kéré.

Gbòǹgbò mi, sùn re o.