Agẹrun Tí Kónílé-Ó-Gbélé Ká Mọ́lé

Bàbá Agẹrun kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tó ti ẹni mẹ́ta. Bó bá ti ta aṣọ funfun bò yín lọ́rùn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ti di tirẹ̀ nìyẹn. Á tẹ orí yín sọ́tùn-ún, á tẹ̀ ẹ́ sósì, á sì máa ro ẹjọ́ gbogbo ayé sí yín létí. Ẹni tó bá fẹ́ jà á níyàn á rántí pé abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, á gba kámú. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kan tiẹ̀ máa ń sọ pé irun kọ́ ni àwọn ń bá lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, ló ń gbé, pẹ̀lú ọkọ ọmọ náà, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún un, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí fèrèsé ilé kejì, tí ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo sì wà láàárín wọn. Bàbá ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n kò kà á sí bàbàrà. Ó máa ń sọ pé, "Èmi àti ṣúgà ti jọ ń gbé pẹ́, a ti mọ ìwà ara wa."

Àfìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí wọ́n ní kónílé ó gbélé. Nọ́ọ̀sì tó máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ Bàbá wò pe olùkọ́ lórí fóònù. Ó ní àrùn náà kì í fi ojú rere wo arúgbó, kì í sì í fi ojú rere wo ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Bàbá kó méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni olùkọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ pa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbọdọ̀ jáde."

"Ta ló wá fẹ́ máa gẹrun fún àwọn èèyàn?"

"Kí wọ́n jẹ́ kó kún."

"Kí orí gbogbo ìlú wá dà bí igbó?"

"Irun tó kún kì í pààyàn, Bàbá."

Bàbá yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí kò wá rẹ́ni bá sọ ọ́ mọ́, rédíò ló kù fún un. Bàbá á ti tan rédíò láti ìdájí, kò sì ní í pa á. Iye ẹni tó kú níhìn-ín, iye ẹni tó kú lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé mì bí ẹni ń gbé oògùn mì, àfi pé oògùn yìí kì í woni sàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sín nínú ilé, á dìde dúró. Bó bá jẹ́ òun ló sín, á fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, á tún fi kan ògiri, kó lè mọ èyí tó gbóná jù nínú àwọn méjèèjì. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ojú ọkọ ọmọ rẹ̀ rí nǹkan. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò dúró, nítorí oúnjẹ àti oògùn ló ń kó kiri. Bó bá ti ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, Bàbá á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike tó fi máa ń fọ́n omi sórí oníbàárà, tó ti bu omi ọṣẹ kún un. Á fọ́n ọn sí i lára láti òkè délẹ̀, á ní kó yí padà, á tún fọ́n ẹ̀yìn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni awakọ̀ yìí. Á dúró, á dijú bí àgbò tí wọ́n ń wẹ̀.

"Bàbá, ó ti wọ̀ mí lójú."

"Àrùn náà ló ń jáde. Dúró."

Wọ́n ń fi èyí rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ tí olùkọ́ wọ yàrá Bàbá. Ó bá a lórí àga, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ìgbálẹ̀ lé itan, ó ń fi kílípà gẹ irun búrọ́ọ̀ṣì náà. Ó ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, ó dá àárín sí, ó tiẹ̀ ti la ọ̀nà sí i. Olùkọ́ kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ojú bá fara balẹ̀, á rí imú. Ó rí i pé oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì bí wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò jẹun."

"Kò wù mí."

"Ẹ ò sì sùn. Mò ń gbọ́ rédíò yín."

"Ta ló ní mi ò sùn? Rédíò ni kò sùn."

Olùkọ́ pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yìí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún Bàbá.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ka ìròyìn lórí rédíò ni?"

"Rárá o."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò kúrò nídìí ẹ̀? Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí ẹ pa á. Bí ọkàn yín bá ń dààmú báyìí, ṣúgà yín á máa gòkè ni. Ẹ jẹun lásìkò, ẹ máa rìn káàkiri yàrá, kí ẹ sì wá ẹni bá sọ̀rọ̀."

"Ta ni kí n bá sọ̀rọ̀? Búrọ́ọ̀ṣì?"

"Èèyàn, Bàbá. Ẹ wá èèyàn."

Èèyàn tó sún mọ́ Bàbá jù ni èyí tí kò fẹ́ rí sójú. Ní fèrèsé òdìkejì yẹn ni Ìyá Aránṣọ ń gbé, opó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́. Òun nìkan ló wà nínú ilé náà, nítorí ìlú mìíràn ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà. Ó ti pẹ́ tí òun àti Bàbá ti ń bára wọn yan odì. Ìyá yìí ló rán ṣòkòtò kan fún Bàbá nígbà kan. Bàbá wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń sọ fún gbogbo orí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà kan gùn ju èkejì lọ. Ìyá Aránṣọ gbọ́, ó fi èsì ránṣẹ́: ṣòkòtò òun dọ́gba, ẹsẹ̀ Bàbá ni kò dọ́gba. Láti ìgbà náà, "Ẹ káàárọ̀" lásán ló kù láàárín wọn, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń tutọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Bàbá pa rédíò, tí gbogbo ilé dákẹ́, ó gbọ́ ìró máṣíìnì láti òdìkejì. Ó ń sáré, ó ń dúró, ó tún ń sáré. Bàbá yọjú. Kò sí aṣọ kankan lórí máṣíìnì náà. Ìyá Aránṣọ kàn jókòó tì í, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lásán.

"Ìyá Aránṣọ! Kí lẹ̀ ń rán?"

Ìyá náà ta gìrì. "Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Mi ò rí aṣọ ni. Àbí ṣòkòtò mi lẹ fẹ́ tún ṣe?"

"Ẹ kọ́kọ́ lọ tún ẹsẹ̀ yín ṣe ná."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ikùn wá, irú èyí tí kò rín láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ìyá Aránṣọ fẹ́ fajú ro, kò rí i ṣe. Òun náà rín in títí ó fi di férémù fèrèsé mú.

"Ohùn ẹ̀ ni mò ń gbọ́," ìyá náà wá sọ, ó fọwọ́ pa máṣíìnì náà lórí. "Ilé yìí dákẹ́ jù. Bó bá ń dún, á dà bíi pé ẹnì kan wà níbí."

Bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó ní, "Èmi ń gẹ irun búrọ́ọ̀ṣì."

"Irun kí ni?"

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sókè. Ìyá Aránṣọ wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Ó jọ yín," ló wí.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kálukú á gbé àga rẹ̀ sídìí fèrèsé. Ìyá Aránṣọ ló ṣòfin pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ àrùn náà yóò kọrin. Bàbá ló kọrin jù, ohùn rẹ̀ sì burú débi pé àwọn ajá àdúgbò ń gbè é lẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀, ó kọ́ láti mú ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Ó sọ ti oníbàárà tó sùn lọ lórí àga, tí òun gbàgbé, tí òun sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn. Ìyá Aránṣọ náà sọ ti ìyàwó tuntun tó sanra sí i lẹ́yìn tí òun ti wọn ara rẹ̀ tán, tó fi jẹ́ pé inú aṣọ náà ni òun rán an mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Ẹ rán ìyàwó mọ́nú aṣọ?"

"Kí ni kí n ti ṣe? Ẹbí ọkọ ti jókòó."

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló rú òfin. Ó ní, "Bàbá Agẹrun, àrùn yìí. Ṣé kì í bà yín lẹ́rù?"

Ó yẹ kó kọrin. Bàbá kò rán an létí.

"Ó ń bà mí lẹ́rù," ó ní. "Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti dé."

"Èmi, kì í ṣe ikú gan-an. Kí n kú kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ni."

"Ta ni ò ní í mọ̀? Èmi tí mò ń ṣọ́ yín bí ológbò?" Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ ò bá ṣí fèrèsé yìí, màá pariwo tí gbogbo ìlú á gbọ́."

"Ìyẹn dá mi lójú," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn. "Ariwo, ẹ mọ̀ ọ́n pa."

Kò pẹ́ sígbà náà ni fèrèsé yẹn kò ṣí. Bàbá jókòó, ó ń retí. Ó wúkọ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ó kọrin. Ó pè, "Ìyá Aránṣọ!" Òdìkejì dákẹ́ lọ gbári. Ló bá já síta. Ẹsẹ̀ kan ló wọ bàtà, ìbòmú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àgbọ̀n, ó ń kígbe bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Olùkọ́ gbá tẹ̀lé e.

"Bàbá, ìbòmú yín!"

"Mo ti wọ̀ ọ́!"

"Imú ni wọ́n ń fi bò, kì í ṣe irùngbọ̀n!"

Ìyá Aránṣọ kò ti ilẹ̀kùn. Olùkọ́ ní kí bàbá òun dúró síta, ó bo imú tirẹ̀ dáadáa, ó sì wọlé. Ó bá ìyá náà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n òòyì ń kọ́ ọ, kò lè dìde. Kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn rẹ̀ ti tán. Ó ń bẹ̀rù láti lọ sí ilé ìwòsàn, kó má lọ kó àrùn bọ̀, ojú sì ń tì í láti bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, wọ́n gbé e lọ.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!" Bàbá ń pariwo tẹ̀lé ọkọ̀ náà. "Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ látọjọ́ yìí, ẹ ò rí àyè kan sọ pé oògùn ti tán?" Ó dà bíi pé inú ló ń bí i, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú rẹ̀.

Olùkọ́ rò pé yóò padà sídìí rédíò. Kò padà. Nọ́ọ̀sì ni kò gbádùn mọ́, nítorí Bàbá ń pè é láàárọ̀, ó ń pè é lọ́sàn-án.

"Ṣé ó ti jẹun? Ibi tí wọ́n gbé e sí ńkọ́, ṣé àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Kò fẹ́ràn ibi tó bá dákẹ́ o."

"Bàbá, látọjọ́ tí ẹ ti ń pè, ibí ò dákẹ́ mọ́."

Nígbà tó sú nọ́ọ̀sì, ó gbé fóònù fún Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ ẹ̀." Bàbá jẹun lọ́jọ́ yẹn, ó fi ìka nu àwo.

Ìyá Aránṣọ padà wálé pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, awakọ̀ ló ń bá àwọn méjèèjì gba oògùn, kò sì jẹ́ kó tán mọ́. Wọ́n á jọ lò ó lójú fèrèsé, kálukú á máa ṣọ́ ẹnì kejì bí ẹni ń ṣọ́ olè.

"Ẹ la ẹnu kí n rí i, Bàbá Agẹrun."

"Mo ti gbé e mì."

"Ẹ gbé ahọ́n sókè."

Nígbà tí irun awakọ̀ ti wá bo etí rẹ̀, wọ́n gbé àga sí ọ̀nà tóóró náà kí ìyàwó rẹ̀ lè gẹ̀ ẹ́ fún un, nítorí nọ́ọ̀sì kò gbà kí Bàbá sún mọ́ ẹni tó ń jáde lójoojúmọ́. Olùkọ́ kò di kílípà mú rí. Bàbá ń pàṣẹ láti fèrèsé kan, "Sókè! Má tẹ̀ ẹ́!" Ìyá Aránṣọ ń pàṣẹ láti èkejì, "Fà á tààrà, bí ìgbà tí wọ́n ń gé aṣọ!" Ìgbà tí wọ́n fi parí, ihò kan wà lẹ́yìn etí awakọ̀ tó lè gba ẹyin adìyẹ. Àwọn aládùúgbò tó yọjú lójú fèrèsé wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Awakọ̀ béèrè bó ṣe rí. Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ihò náà, ó ní ó dára.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, ọmọ Ìyá Aránṣọ wá mú un lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá náà lọ, kò sì pẹ́ tó fi padà. Ó ní ibẹ̀ tutù, ó mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti di ọ̀sán, á ti ilẹ̀kùn, á gba ìdí fèrèsé rẹ̀ lọ; ẹni tí kò bá tíì kàn, á padà wá lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ń retí ìgbéyàwó, wọ́n sì ń retí títí di òní. Ẹnì kan tiẹ̀ láyà láti bi Ìyá Aránṣọ.

"Kí n fẹ́ ẹ, kó wá máa sọ̀rọ̀ nínú yàrá mi?" ló fi dáhùn. "Ibi tó wà yẹn dára. Bó bá sú mi, mo lè ti fèrèsé."

Òjò rọ̀ lánàá. Fèrèsé méjèèjì wà ní ṣíṣí, àwọn tó ni wọ́n ń pariwo kọjá òjò náà, omi ń wọlé sí wọn lára.