Ìda Oyin Nínú Fèrè Anésti

Nínú gbogbo ohun tí Anésti ọmọ Kósma mọ̀ nípa ara rẹ̀, èyí tó dá a lójú jù ni pé etí òun kì í ṣàṣìṣe. Òun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní etí náà dára lóòótọ́, àfi bí wọ́n bá ń pè é pé kó wá la igi ìdáná.

Klarinẹ́ẹ̀tì, fèrè tó jogún lọ́wọ́ baba rẹ̀, dàgbà jù ú lọ. Igi dúdú ni, òwú ni wọ́n sì fi ń di esùsú pẹlẹbẹ tó ń mú un dún mọ́ ẹnu rẹ̀. Irin ara rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti àwọn ti ìsinsìnyí. Ihò rẹ̀ fẹ̀, kò sì sí ìdérí lórí wọn, tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó ń fọn ọ́n bá rọra ká ìka kúrò, tó sì rọra dá a padà, ohùn a máa yọ́ gòkè, a máa yọ́ sọ̀kalẹ̀, bí ẹkún ènìyàn gan-an. Ní Pogóni, ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí òkè ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, irú fèrè bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà kó sunkún fún òkú wọn.

Nígbà tí àjọ̀dún Màríà ti oṣù kẹjọ kù fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mínas, wá láti ìlú ńlá Yánina láti máa bá àwọn olórin abúlé tẹ akọ́díọ̀nù.

“Ẹ má bínú, bàbá,” ni Mínas wí. “Ohùn yín ga ju tèmi lọ díẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Anésti lọ́kàn. Ó mú ìda oyin, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rọ̀ ọ́, ó sì fi tẹ́ etí ihò mẹ́ta. Ìwọ̀n ihò kéré, ohùn sì rẹlẹ̀. Fèrè àti akọ́díọ̀nù wá di ọ̀rẹ́. Orí rẹ̀ wú. Ó fọn orin ijó fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, wọn kò sì ṣàtakò.

Lámbros, ìbátan rẹ̀ tó ń fi fáyólíìnì bá a ṣeré, ló yọjú wo fèrè náà. “O ti dí i lẹ́nu! Ọ̀bẹ ni bàbá rẹ fi gbẹ́ àwọn ihò yẹn fúnra rẹ̀.”

“Bàbá mi ò rí akọ́díọ̀nù rí láyé.”

“Orí ló kó o yọ.”

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Abúlé jókòó yí tábìlì ká lábẹ́ igi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jó kí klarinẹ́ẹ̀tì tó sunkún fún òkú ọdún náà, kí ará ilé ọ̀fọ̀ sì tó dìde. Lọ́dún yìí, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Polixéni ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kú. Bí ìyá náà kò bá dìde, àjọ̀dún tú nìyẹn, àwọn ọmọ tó ti Jẹ́mánì dé yóò jókòó bí òkúta, orúkọ Anésti ni wọn yóò sì máa fi pe ọdún náà.

Anésti fọn ọ́n. Ó ká ìka kúrò, ìda di ìka mú. Ohùn tó yẹ kó yọ́ ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà onígi. Ó tún un fọn. Àtẹ̀gùn náà ni. Polixéni kò mira.

“Anésti,” ni ìyá náà wí, “ta lò ń sunkún fún? Máṣíìnì ìránṣọ ni?”

Ẹ̀rín bú. Anésti, ọ̀gá etí, gbọ́ ọ kedere.

“Ìda ni, mà. Èmi ni mo fi í síbẹ̀.”

“Kí lo fẹ́ fi í ṣe?”

“Mo fẹ́ kó dára.”

“Ó ti dára kí wọ́n tó bí ọ!” Ó yọ abẹ́rẹ́ tó fi de ìborí dúdú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó nà án sí i. “Gbà, yọ ọ́. Ọkọ mi ń dúró.”

Lójú gbogbo ayé ni Anésti ti ń họ ihò bí ẹni tó ń họ eyín. Èérún kan já bọ́ sínú ife ọtí tsípuro rẹ̀, ó sì mu ún mọ́ ọn, nítorí ojú ń tì í láti fi ìka yọ ọ́.

“Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?” ni Lámbros bi í.

“Bí ọgbọ́n mi,” ló dáhùn.

Mínas pa akọ́díọ̀nù rẹ̀ dé, ó gbé e sílẹ̀. Anésti gbé fèrè sẹ́nu. Ìda díẹ̀ ṣì ṣẹ́kù, síbẹ̀ ohùn yọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí ẹni tó mọ ibi tó ti di èémí lásán. Ìyá Polixéni sunkún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

“Kò tíì tó ti bàbá rẹ,” ló wí, “ṣùgbọ́n ọkọ mi ti gbọ́.” Ó sì dìde, ó bọ́ sí iwájú ìlà ijó.

Ọwọ́ kan ló fi di ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e mú; èkejì ló fi di ìborí mú lábẹ́ àgbọ̀n, torí pé Anésti, nínú ìdààmú rẹ̀, ti gún abẹ́rẹ́ náà mọ́ fìlà ara rẹ̀, kò sì lè dá orin dúró láti dá a padà.