Omi Ìdí Táǹkì Bàbá Pẹ́ńtà

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí n dàgbà dé ipò ẹni tí ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí kò gba etí lọ́wọ́ mi, tí kò sì gba imú. Ohun tí mo rí ní kékeré kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn ún rántí, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Ọmọkùnrin ará Iware kan ń lẹ táyà fún àwọn ọlọ́kadà ní òdìkejì ilé mi níbí ní Fìdítì. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá, ó lọ́sọ̀ó, ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà ní ìdí táǹkì ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ pariwo ṣììì, omi pupa kan tó dà bí tíì tí kò rí mílíìkì sì tú jáde sórí iyanrìn. Òórùn ìpáàrà, òórùn irin tó ti jẹra, gba títì kọjá wá bá mi. Bí ó ti kan imú mi báyìí, mi ò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi mọ́. Mo ti padà sí agbo ilé wa, lábẹ́ igi máńgòrò Bàbá Pẹ́ńtà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Pẹ́ńtà. Mọ́tò ni ó ń kùn. Nígbà náà, gbogbo ọkọ̀ tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ló ń gba ìlú wa kọjá, èyí tí ara rẹ̀ bá sì ti ṣí a máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Abẹ́ igi ni ó ti ń fi sáńpépà họ ara mọ́tò, yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni táǹkì àti ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà, okùn rọ́bà gígùn kan ló sì ń gbé afẹ́fẹ́ láti ibẹ̀ wá bá ọ̀dà. Táǹkì náà ti dàgbà kí ó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún Kérésì, bí àwọn ìyá wa bá ti ń rán aṣọ fún wa, òun náà a máa kó ìyókù ọ̀dà tó wà nílẹ̀, á fi kun táǹkì rẹ̀. Ọdún kan á jẹ́ búlúù, ọdún kejì á jẹ́ pupa. Àwa ọmọdé a máa ní táǹkì ti wọ aṣọ ọdún tirẹ̀ ṣáájú wa. Bí ẹ bá wo òde ara rẹ̀, ẹ ó ní àná ni wọ́n rà á.

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni Bàbá máa ń rò. Ní gbogbo Sátidé, nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá lù fún àdúrà ìmúrasílẹ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, ó máa ń pa ẹ̀ńjìnnì, á mú agolo mílíìkì kan, á sì dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ táǹkì bí ẹni tó ń kí ọba. Àwa a ti tò síwájú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá kù ni a fi ń fẹ́ eruku ẹsẹ̀ wa dànù. Ó tutù, ó ń rìn wá, a sì ń ké. Lẹ́yìn náà, Bàbá á gbé agolo sókè sí oòrùn kí gbogbo wa lè wo àwọ̀ omi tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá funfun, á ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa." Bí ó bá pupa, á mi orí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àṣàbí, ọ̀rẹ́ mi, ni ó kọ́kọ́ bi í pé, "Bàbá, ṣé táǹkì náà ń tọ̀ ni?"

"Ó ń tọ̀ dáadáa," ni Bàbá wí. "Ẹni tí kò bá sì tọ̀, ẹ̀yin náà mọ ibi tí à ń gbé e lọ."

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ìgbà náà ni ó ṣàlàyé fún wa pé omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, pé bí ènìyàn bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ inú irin, omi á já sílẹ̀ níbẹ̀, pàápàá lásìkò òjò. Bí wọn kò bá tú u, á bá ọ̀dà jáde, ara mọ́tò á sì yọ wúruwùru bí ara ẹni tí kòkòrò jẹ. Èyí tó bá dúró nínú táǹkì, irin ni yóò máa jẹ, díẹ̀díẹ̀, láti inú wá, níbi tí ojú kò tó.

Iléèwé ìjọ kan náà ni èmi àti Àṣàbí lọ, bẹ́ǹṣì kan náà la sì jókòó sí. Ọ̀dà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, tíṣà na ọwọ́ rẹ̀ jáde níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní, "Kí lèyí? Ìdọ̀tí wo lèyí?" Àṣàbí ní, "Mọ́tò ọlọ́pàá ni, sà." Tíṣà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a parí ìwé mẹ́fà, wọ́n mú mi lọ sí iléèwé gíga. Òun ní òun kò lọ ibì kankan, ọ̀dọ̀ bàbá òun ni òun máa wà. Nígbà tí a fi di ọ̀dọ́bìnrin, àwọn awakọ̀ ti ń pè é ní Ìyá Pẹ́ńtà, ẹlòmíràn á sì dúró pé ọwọ́ Àṣàbí ni òun fẹ́, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ẹ rántí ọwọ́ náà.

Àárín òjò ni àìsàn dá Bàbá wó. Ọ̀sẹ̀ náà ni iṣẹ́ pọ̀ jù fún wọn, ẹ̀rọ kò sinmi, ṣùgbọ́n Sátidé kò bá Bàbá nílé. Ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́ ni ó bá a, Àṣàbí sì jókòó tì í níbẹ̀. Agogo ìmúrasílẹ̀ lù ní Fìdítì, kò sí ẹni tó tú omi. Bàbá kò padà wálé láàyè.

Nígbà tí a sin ín tán, Bàbá Olórí Ẹbí, ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé wa, ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ náà, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é. Ohun tí òkú bá fi sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí àwọn ọmọ á fi jókòó pín ogún. Àṣà tó dára ni, ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ òrukàn lọ́wọ́ àwọn ọ̀kánjúwà. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Délé, àrẹ̀mọ Bàbá Pẹ́ńtà, ń ṣiṣẹ́ ìjọba lókè Ọya, ó sì ránṣẹ́ pé òun kò tíì ráyè. Wọ́n ní a ó dúró de àrẹ̀mọ.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Àṣàbí lọ kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Olórí Ẹbí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kí n tú omi ìdí táǹkì. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ dúró tì mí. Mi ò ní mú nǹkan kan."

"Omi wo? Ta ló rọ omi sí i?"

"Kò sẹ́ni tó rọ ọ́, sà. Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá."

Ìyàwó ilé kan tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Afẹ́fẹ́ ló di omi? Tó bá dọ̀la, á ní òkúta di ẹ̀kọ."

Bàbá Olórí Ẹbí kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, kì í sì í fi ohun ẹni ẹlẹ́ni ṣeré. "Àṣàbí, ohun tí baba rẹ fi sílẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí mo bá ṣí i fún ọ lónìí, ẹlòmíì á ní kí n ṣí i fún òun lọ́la. Dìde, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Ó lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní ojú ogún ń kán an. Ó rán pásítọ̀, pásítọ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Nígbà tó yá, kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, bí agogo bá ti lù, ẹ ó rí i tí yóò lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, tí yóò gbé etí lé pákó rẹ̀. Àwọn ọmọdé rò pé ó ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Èmi mọ̀ pé omi ni ó ń rò. Òjò yẹn kọjá, ọyẹ́ dé, òjò mìíràn tún rọ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lókùn ṣòkòtò.

Ọdún Àjíǹde ni Bọ̀dá Délé wá. Wọ́n pín ogún wọ́ọ́rọ́wọ́, táǹkì àti ẹ̀rọ sì bọ́ sọ́wọ́ àrẹ̀mọ. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ kí gbogbo ilé rí i pé ohun bàbá òun ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fi aṣọ tuntun nu eruku, àwọ̀ ewé tí Bàbá kun táǹkì ní Kérésì tó lò kẹ́yìn sì tún ń dán. Bàbá Olórí Ẹbí gbàdúrà lé e lórí. A ṣe àmín.

Àṣàbí ti wọlé pẹ̀lú sípánà. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ táǹkì bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kò yí. Ìpáàrà ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó fi sípánà gbá a, ègé irin pupa sì ré bọ́ sí ojú rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ má tan án. Ẹ wò ó, ó ń ré bí èèpo ẹ̀pà."

"Àṣàbí, dìde níbẹ̀."

"Bọ̀dá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, kó gé ìdí rẹ̀ wò ná."

"Kí wọ́n gé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún? Torí pé kò kàn ọ́?"

"Ẹ tì í sẹ́yìn," ni Bàbá Olórí Ẹbí wí. "A kì í fi Àjíǹde jà."

Wọ́n mú un jáde. Bọ̀dá Délé fa okùn ẹ̀ńjìnnì títí tó fi dáhùn, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwọn ìyàwó ilé sì bẹ́ sórin ọpẹ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Àṣàbí dúró sí lábẹ́ igi máńgòrò. Mo rí i tó ń tẹ́tí. Bọ̀dá jáde wá kí ó lè bá wọn jó. Lójijì ni Àṣàbí ní, "Táǹkì ti ń sunkún," ó sì sáré wọlé kí ó lè pa ẹ̀ńjìnnì.

Ìró tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà, mi ò fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Páànù òrùlé ṣí, máńgòrò tútù já bọ́ lé wa lórí. Ìdí táǹkì ni ó là. Nígbà tí wọ́n gbé Àṣàbí jáde, ó ń mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tó nà sí ẹ̀ńjìnnì kò ṣeé wò. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n gé e kúrò lọ́rùn ọwọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, agbo ilé wa jó lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n ní kí ìjọ bá àwọn dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan kò bọ́. Mo gba Ọlọ́run gbọ́ nígbà náà, mo gbà á gbọ́ dòní, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ọjọ́ náà há mi lọ́fun, kò sì tíì lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbààwẹ̀ lòdì sí àwọn ọ̀tá ilé tó fọ́ táǹkì. Wọ́n dárúkọ ọ̀tá oríṣiríṣi nínú àdúrà. Kò sí ẹni tó dárúkọ omi. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé, "Kí ni obìnrin tilẹ̀ lọ ṣe nídìí ẹ̀rọ?"

Àṣàbí kò padà sí agbo ilé. Ilora, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, ni ó gbà lọ, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bímọ, tó sì ń fi ọwọ́ òsì kan ṣoṣo yan gààrí. Kò kun mọ́tò mọ́. Mo máa ń lọ kí i, a ó sọ̀rọ̀ iléèwé, a ó rẹ́rìn-ín tíṣà, a kì í dé ibi táǹkì.

Bàbá Olórí Ẹbí pa kọ́kọ́rọ́ mọ́ fún ọ̀pọ̀ òkú mìíràn kí òun náà tó sùn. Kò bẹ Àṣàbí rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a sin ín, mo rí ohun kan. Ẹni tó gbapò rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò sì tì í. Ó kọ́kọ́ yíjú sí àwọn ọmọ olóògbé, ó ní, "Kí ló wà nínú ibí tí kò gbọdọ̀ dúró?" Ẹnì kan ní iṣu wà níbẹ̀, wọ́n kó o jáde. Ẹlòmíì ní rédíò wà níbẹ̀, bátìrì ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe é láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọwọ́ ènìyàn ni a fi ra ìbéèrè náà.

Mo gbé ìròyìn náà lọ sí Ilora. Àṣàbí ń yan gààrí lórí iná, kò gbé ojú sókè.

"Wọ́n ń béèrè báyìí?"

"Wọ́n ń béèrè."

Ó yan gààrí rẹ̀ títí. "Ó dáa," ni ó wí. "Bàbá mi ì bá fẹ́ gbọ́ ọ."

Òkú táǹkì náà ṣì wà lẹ́yìn agbo ilé wa. Igi máńgòrò ti kú, ọ̀nà mọ́tò ti yà gba ibòmíràn, kò sí ẹni tó ń kun mọ́tò níbẹ̀ mọ́. Òjò ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ti ṣí, ó sì ń gba ìdí rẹ̀ jáde. Kò lè dá ẹ̀kán omi kan dúró mọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí Olúwa má jẹ́ kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti ohun tó ń jẹ ilé yín láti inú. Kí ẹni tó mọ ibi tí omi wà má ṣe di ẹni tí ẹ ó tì sẹ́yìn. Kí ọwọ́ yín pé títí dọjọ́ ogbó, kí ọpẹ́ yín sì jẹ́ èyí tó lè gba ọ̀fun kọjá. Àmín.